Ọ̀nà Ẹ̀yìn Tí Alhaja Kò Gbà

Ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ìbòmú kòrónà kúrò lẹ́nu, tí àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti fi ipò sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa nígbà náà, mo sì rò pé mi ò tún ní gbé páálí ìfẹ̀hónúhàn mọ́.

Mùsíọ́mù kékeré kan wà nítòsí Glenn Dale, lókè òkun níbí tí a ń gbé. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ṣe ìpàtẹ kan nípa iṣẹ́ tí àwa ará Áfíríkà ń ṣe ní agbègbè wa. Wọ́n ya fọ́tò Alhaja Ráfátù, wọ́n sì gbé e sí ibi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti kọ́kọ́ rí i. Alhaja ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Inú ẹgbẹ́ la ti mọra. Lẹ́yìn tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ṣe wọ́n, orí wíìṣíà ni wọ́n ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ tí ìpàtẹ bẹ̀rẹ̀, Kúdí ọmọ wọn fi mọ́tò gbé wọn wá láti Seat Pleasant. Àtẹ̀gùn ni wọ́n bá níwájú. Kò sí pátákó kankan tó júwe ọ̀nà mìíràn. Òṣìṣẹ́ kan ló jáde wá sọ pé ẹ̀yìn ni oníwíìṣíà ń gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Alhaja ní kí Kúdí dúró.

“Ẹ̀yìn ni mo ń gbà wọlé àwọn tí mo tọ́jú,” ni Alhaja wí. “Wọ́n gbé fọ́tò mi síwájú, wọ́n wá ní kí èmi gba ẹ̀yìn. Mi ò lọ.”

Kúdí bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n padà sílé láìrí fọ́tò náà. Lọ́jọ́ kejì, Alhaja pè mí lórí fóònù.

“Fẹ́mi, ṣé páálí ṣì kù nílé rẹ?”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí Alhaja wá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi náà wá, títí kan àwọn tó ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀gá mùsíọ́mù fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé ilé àtijọ́ ni, àwọn kò fẹ́ ba iwájú rẹ̀ jẹ́. Ó ní òun lè wá àwọn ọkùnrin alágbára tí yóò gbé Alhaja gòkè.

“Ẹni tó bá wá lọ́la ńkọ́?” ni Alhaja bi í. “Ta ni yóò gbé ìyẹn?”

Òtútù dé. Alhaja ṣì ń wá, wọ́n á fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀. Kúdí fà mí sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Bùrọ̀dá Fẹ́mi, ẹ sọ fún Mọ́mì kí wọ́n gba ẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ara wọn lórí ògiri yẹn kó tó pẹ́ jù.”

Mo jíṣẹ́ náà. Alhaja ní àwọn mọ ohun tó ń ba ọmọ àwọn lẹ́rù, ṣùgbọ́n kí a ṣì dúró díẹ̀ sí i.

Ọsibítù ni Alhaja kú sí kí òtútù yẹn tó lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni àwọn aláṣẹ gbà. Wọ́n ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú, ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀, àti pátákó onílẹ́tà ńlá tó yọ síta, tí afọ́jú pàápàá lè fọwọ́ kà. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, ìpàtẹ ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì ti já fọ́tò Alhaja wálẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ orúkọ Alhaja sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tuntun. Kúdí kọ̀.

“Ìyá mi ò ní kí ẹ kọ orúkọ àwọn sára ògiri,” ló sọ fún wọn. “Wọ́n ní àwọn fẹ́ wọlé.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa máa ń bi mí bóyá a borí. Mo ti rí àwọn ìyá tó ń ti ọmọ wọn lórí wíìṣíà gba ọ̀nà yẹn wọlé láìbi ẹnikẹ́ni, inú mi sì dùn. Yàrá òkè ṣì wà tí oníwíìṣíà kò lè dé. Ìyẹn di ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n Kúdí kò tíì wọ inú mùsíọ́mù náà títí di òní. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀nà tó jìn ló ń gbà, kó má baà kọjá níwájú ilé náà.