Ẹ́ńjìnnì Oníplọ́ọ̀gì Mẹ́fà ti Bàámi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọkọ̀ kékeré mi lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì tó wà nítòsí oríta ńlá Ṣágámù, nítorí bíréèkì rẹ̀ ń dún. Bí mo ṣe jókòó sórí àga onírọ́bà tí wọ́n gbé fún mi ni òórùn kan gba imú mi kan. Kẹrosíìnì ni. Wọ́n bù ú sínú abọ́ fífẹ̀ kan, ọkùnrin kan sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ irin ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀. Òórùn lásán ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ń tún ọkọ̀ mi ṣe béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé kò sí o?" n kò mọ èsì tí mo fún un. Mo ti kúrò níbẹ̀. Mo ti padà sí Mákùn ní Ṣágámù, sí agbo ilé wa, sí ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàámi palẹ̀.

Oníṣòwò obì ni bàámi. Gbànja ló ń tà fún àwọn ará Òkè Ọya. Lẹ́yìn ilé wa, obì máa ń wà nílẹ̀ ní òkìtì-òkìtì, àwọn obìnrin á jókòó yí i ká, wọ́n á máa ṣà á, wọ́n á máa fi ewé tútù dì í sínú apẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ wọn kì í dúró, ẹnu wọn náà kì í sì í dúró. Ọkọ̀ tó ń kó obì náà láti àwọn abúlé ẹ̀bá Ìkẹ́nnẹ́ wá sọ́dọ̀ wọn, tó tún ń kó o lọ sí Sábó, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ wágọ́nù ni, aláwọ̀ ẹ̀kọ, tó gùn bí ọ̀sán ààwẹ̀. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni bàámi ti rà á kí wọ́n tó bí mi. Àga ìkẹyìn rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí awakọ̀, tó fi jẹ́ pé àwa ọmọdé tó bá jókòó síbẹ̀ kì í rí ibi tí à ń lọ, ibi tí a ti kọjá nìkan là ń rí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí ìyẹn ṣe dùn tó.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́. Plọ́ọ̀gì mẹ́fà ló ní, nígbà tí mẹ́rin péré wà nínú ti àwọn ọkọ̀ yòókù. Kì í pariwo. Ó máa ń kùn ni, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń kọrin láìla ẹnu. Bí bàámi bá ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Òfin, ìyáà mi á ti gbọ́ ọ, á gbé ọbẹ̀ kaná. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ń mu epo. Bàámi fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ọkọ̀ òun lẹ́kọ̀ọ́ jù, kò lè kọjá ilé epo kó má yà kí wọn.

Bàbá Bọ́lá ni mẹkáníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò tó kángun sí ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé wà lẹ́yìn rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, mùsùlùmí ni bàámi, ọ̀rẹ́ wọn sì wọra. Bí a bá ṣe Iléyá, odindi itan àgbò kan máa ń rìn lọ sílé wọn. Bó bá di Kérésì, ìrẹsì wọn là ń jẹ yó. Bàbá Bọ́lá ní ìwà kan: kò lè jẹ́ kí iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ òun láìpé. Bó bá de nọ́ọ̀tì tán, á tún tú u, á tún un dè.

Bọ́lá, àkọ́bí rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ mi. Àga kan náà la jọ ń jókòó sí nílé ìwé. Ó mọ ìṣirò jù mí lọ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kí ojú tirẹ̀ má yí padà, nítorí náà èmi ni tíṣà máa ń nà. Ṣùgbọ́n ara Bọ́lá kò le. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ó lè máa fò kiri láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, egungun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, á máa ké. Nígbà tó bá le, bàámi á kó apẹ̀rẹ̀ obì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹní sẹ́yìn wágọ́nù, ó di Ìbàdàn, sí ọsibítù ńlá tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Mo máa ń bá wọn lọ nígbà mìíràn, màá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé bí òun bá fi etí lé ilẹ̀ ọkọ̀ náà, tí òun ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kùn, ìrora náà máa ń jìnnà sí òun díẹ̀.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì. Èéfín á máa tọ̀ wá lẹ́yìn bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Bàbá Bọ́lá ṣí i wò, ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nírọ̀lẹ́, ó ní inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin kan tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Èkejì ni kí wọ́n tú ti òyìnbó náà palẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí Èkó láti lọ inú rẹ̀ fẹ̀, kí wọ́n wá písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò rẹ̀, tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, kí wọ́n sì pààrọ̀ kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn àti ohun tó ń taná sí plọ́ọ̀gì sí irú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Bó bá jáde, Àlàájì, á lágbára ju bí òyìnbó ṣe fi í sílẹ̀ lọ, epo tó ń mu á sì dín kù," ó ní. "Ṣùgbọ́n á pẹ́ díẹ̀."

Bàámi ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Bọ́lá àti èmi ń ta ayò nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó bi Bọ́lá, ṣùgbọ́n ó gbójú sókè.

"Ẹ má yọ ọ́ o, Bàbá Àlàájì. Ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ràn ohùn rẹ̀."

Bàámi bú sẹ́rìn-ín. "Ó tán. Ẹni tó ni ọkọ̀ ti sọ̀rọ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi ṣéènì so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, wọ́n fà á jáde, iwájú wágọ́nù náà sì gbé sókè bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Gbogbo irin wẹ́wẹ́ lọ sínú abọ́ kẹrosíìnì. Wọ́n gbé èyí tó wúwo jù lọ sí Èkó, ó padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, inú rẹ̀ ń dán bí ife tuntun. Písítìnì mẹ́fà dé. Nígbà tí Bàbá Bọ́lá wọ̀n wọ́n, ọ̀kan kò bá ihò rẹ̀ mu. Wọ́n dá a padà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tún kọjá.

Àsìkò yẹn ni epo bẹntiróòlù wọ́n. Ọkọ̀ dín kù lójú títì. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Bọ́lá wá bá bàámi, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo wà níbẹ̀.

"Àlàájì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn sí i ná. Ọkàn mi ò balẹ̀ bí ọkọ̀ yìí ò ṣe sí."

"Ó kù díẹ̀, Ìyá Bọ́lá," ni bàámi wí. "Ẹ ní sùúrù."

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí ni. Láàárín ìsinmi ìgbà ọ̀sán nílé ìwé, Bọ́lá jókòó sídìí ògiri, ó ní àyà ń dun òun. Tíṣà gbé e pọ̀n délé. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló nílò, kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò, Ìbàdàn ni. Bàámi sáré lọ sí gáréèjì pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. N kò rí i kó sáré rí. Bàbá Bọ́lá bọ́ sí ojú títì, ó ń na ọwọ́ méjèèjì sí gbogbo ohun tó ń kọjá. Wágọ́nù náà wà lábẹ́ máńgòrò, epo wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí bàámi tọ́jú, àyà ọkọ̀ sì ṣófo. A tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a gbé Bọ́lá lé e, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé wọ́n ti dè é tán?" Mo purọ́ fún un. Mo ní wọ́n ti ń dè é.

Nígbà tí bàámi padà dé nínú ọkọ̀ agégẹdú kan tó bẹ̀ lọ́nà, oòrùn ti ń rọ̀. Wọ́n gbé Bọ́lá sí iwájú, lórí itan ìyá rẹ̀. Wọn kò tíì jìnnà tí ọkọ̀ náà fi yí padà wálé.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Ìyá Bọ́lá jáde sábẹ́ máńgòrò, níbi tí irin ẹ́ńjìnnì tò sí lórí pákó. Ojú gbogbo wa ló ti na ìka sí bàámi.

"Irin lẹ fẹ́ràn ju ọmọ mi lọ."

Bàámi tẹrí ba. Kò dáhùn. Bàbá Bọ́lá dúró lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Bọ́lá kò kí bàámi mọ́. Bí wọ́n bá pàdé, á yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àdúgbò náà gbè sẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin tó ń ṣa obì ń sọ nígbà tí wọ́n rò pé n kò sí nítòsí. Èmi náà, kí n má purọ́, mo di bàámi sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Písítìnì kẹfà dé lẹ́yìn ìsìnkú. Bàbá Bọ́lá to ẹ́ńjìnnì náà pa pọ̀, òun nìkan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, ó gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí èéfín. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó já gaara, ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bàámi pa á, ó sì jókòó sídìí ọkọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun.

Ó wa ọkọ̀ náà títí ara fi kọ̀ fún un. Aboyún, aláìsàn, ọmọ tí gìrì mú, kò sí ẹni tó gbé ní Mákùn tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ kankan lára ẹ́ńjìnnì náà tí kò ní parí lọ́jọ́ kan náà. Ohun mìíràn wà. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bàbá Táyọ̀, orúkọ àbúrò Bọ́lá, kí ọgbẹ́ má baà tún ṣí, bàámi nìkan ni kò yí padà. Bàbá Bọ́lá ló ń pè é, òun náà á sì dá a lóhùn jẹ́jẹ́.

Bàámi kú lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. A sin ín sínú agbo ilé. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àlejò ti túká, Bàbá Bọ́lá fi ọ̀pá rìn wá bá mi. Ọwọ́ rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó jókòó.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó mi wá bẹ bàbá ẹ," ó ní, "bàbá ẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n fi kékeré yẹn sí i, kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì òyìnbó náà dúró ná. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré sí i. N kò ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé kò já sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan.

"Ọjọ́ tí ìyàwó mi na ìka sí i, mo rò pé á sọ ọ́. Mo dúró dè é. Kò sọ ọ́. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Kò sọ ọ́ títí tó fi kú."

"Ṣé Ìyá Bọ́lá mọ̀?"

Ó mi orí pé rárá. "Mo ń lọ sọ fún un báyìí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ tán, mo rí ìyá arúgbó kan tó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà agbo ilé. Ìyá Bọ́lá ni. Kò yà sọ́dọ̀ mi. Ó lọ tààrà síbi tí ilẹ̀ sàréè bàámi ṣì rọ̀. Ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ kọ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àlàájì," ó ní.

Ó tẹ́tí sílẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn. Ó tún un sọ. Mo wọlé lọ, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá Bọ́lá àti Ìyá Bọ́lá náà ti tẹ̀ lé e lọ báyìí. Àbúrò mi Wàídì ló ń tọ́jú wágọ́nù náà. Àwọn tó ń ra àlòkù irin fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní Ògìjó ti wá béèrè rẹ̀ títí, ó ń lé wọn. Ó ti fi rádíétọ̀ tó tóbi sí i, ó ti yọ kabúrétọ̀, ó fi ẹ̀rọ tuntun tó ń wọ̀n epo fún ẹ́ńjìnnì sí i, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n gbé lọ sí Èkó nígbà náà kò kúrò níbi tí Bàbá Bọ́lá dè é sí. Ọkọ̀ pọ̀ ní Mákùn lónìí. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kún gbogbo ojú ọ̀nà, wọ́n sì ti gé igi máńgòrò náà. Ọmọdé tí egungun bá ń ro kò ní dúró de ọkọ̀ agégẹdú mọ́, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Mo ti dàgbà ju bí bàámi ṣe wà lọ́dún náà lọ. Mo ní ọ̀rẹ́ tí a jọ ń lọ òde, mo ní èyí tí a jọ ń ra ọjà, mo ní èyí tó lè yá mi ní aṣọ ara rẹ̀. Nígbà mìíràn tí mo bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, màá máa bi ara mi pé ta ni nínú wọn tí mo lè gba ẹ̀bi rẹ̀ sọ́rùn, kí n sì pa ẹnu mọ́ lé e títí dé sàréè. N kò tíì kà dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí mo dúró lé lórí.