Ọkọ Tuntun Tí Mo Kéde ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí. Pijin ló kọ́kọ́ dá ṣáká lẹ́nu mi. Yorùbá mi ń ta kókó. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ lórí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo: wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, wọ́n á wá lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ báńkì ní àdúgbò D-Line.

Mo wà lọ́mọ ọdún méje nígbà tí màmá mi ra mọ́tò àkọ́kọ́ wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ìjọ Yorùbá tí à ń lọ ní Rumuomasi, wọ́n ní kí ọmọ tó bá ní ọpẹ́ jáde wá. Bàbá mi ṣì wà lórí òkun. Mo gba makirofóònù, mo pariwo:

"Ẹ bá wa yin Olúwa! Mọ́mì mi ti ní ọkọ tuntun!"

Ọkọ̀ ni mo fẹ́ pè. Ohùn mi kò wálẹ̀ tó. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi fi ìborùn bojú, èjìká wọn ń gbọ̀n; mo rò pé ẹkún ni. Nígbà tí a jáde, ìyá àgbà kan fà mí létí: "Bàbá ẹ á kàn gbọ́ ni, á kó ẹrù ẹ̀ lọ." Àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Èmi ò mọ̀.

Mo gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Mo kó bàtà bàbá mi tó wà nílé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n má baà rí èyí tí wọ́n máa wọ̀ lọ.

Nígbà tí bàbá mi ti orí òkun dé, wọ́n wá bàtà títí, ó sú wọn. Ni mo bá bú sẹ́kún: "Dádì, abeg, no go! I no mean am!"

Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn náà kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n gbé mi lé itan. "Jẹ́ kí ohùn ẹ wálẹ̀ níparí ọ̀rọ̀ náà: ọkọ̀." Mo pè é títí ó fi dán lẹ́nu mi.

Wọ́n ní, "Ó ti tán. Gbàgbé ẹ̀."

"Mi ò ní gbàgbé. Mo máa padà lọ sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó pè mí. Mo rìn lọ síwájú, mo gba makirofóònù lọ́wọ́ olórí akọrin. "Ọkọ̀ ni mo ní lọ́kàn! Mọ́tò! Dádì mi nìkan ni ọkọ Mọ́mì mi, wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn, wọn ò sì lọ síbì kankan!"

Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò kúrò. Mo dúró, mò ń wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ilé fi pa rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni mo lọ jókòó.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi rí, mo sì ti sin bàbá mi. Tí mo bá gbé ọ̀ràn mọ́tò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí a sin wọ́n, kékeré ni. Ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, mi ò tíì sin ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹrù mìíràn lọ́rùn mi tí mo lè fi wọ̀n ọ́n. Mo rò pé mo ti tú ilé wa ká, mo sì dìde, mo lọ tún un ṣe.

Lọ́dún Kérésì tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ó ní, "O ò kúkú gbọ́n nígbà yẹn."

Mo ní, "Mo gbọ́n. Ohùn ni mi ò mọ̀."

Ó tún ń rẹ́rìn-ín. Mo bu ìrẹsì sí abọ́ mi, mo ń bá oúnjẹ mi lọ.