Akínkúnmi àti Agolo Àlọ́ Ìyá Mi

Ọkùnrin kan ń bẹ ní Mákùn, ẹ lè lọ wò ó lọ́la tí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo ń pa. Akínkúnmi lorúkọ rẹ̀, àdúgbò ń pè é ní Bàbá Àlòkù. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé kan ní Sábó ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń fi kọ̀ǹpútà Makintọ́ọ̀ṣì tẹ ìwé ìsìnkú àti ìwé ìgbéyàwó. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun, ó ní kó lọ da ti àtijọ́ sígbó. Akínkúnmi gbé wọn lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tolúlàṣẹ, ìyàwó rẹ̀, bi í pé, "Ṣé ilé la kọ́ ni, àbí ààtàn?" Ó ní, "Ilé ni. Àlejò ni wọ́n." Ogún ọdún rèé, àlejò ò tíì lọ.

Ìrólú ni mo ti wá bá a. Mo gbé agolo bísíkíìtì kan lórí ọ̀kadà, mo dì í mú bí ọmọ tuntun. Díìsì mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, àwọn pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ọkọ mi, Tíṣà Ilésanmí, ló fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá mi a máa pàlọ́, ọkọ mi a jókòó ti Makintọ́ọ̀ṣì rẹ̀, a máa tẹ̀ ẹ́ sínú àwọn díìsì náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu ìyá. Ìyá kú, ọkọ mi kú, iná mànàmáná tó já wá lójijì sì pa ẹ̀rọ náà. Àlọ́ tó kù lórí mi ò ju mẹ́rin lọ. Ojú máa ń tì mí tí àwọn ọmọ ọmọ mi bá ní kí n pa òmíràn.

"Ọ̀dọ̀ ta lẹ ti kọ́kọ́ lọ?" Akínkúnmi bi mí.

"Ẹnì kan lójú títì. Ó ki ọ̀kan bọ ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n, ṣé kí òun pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Mo ní kó kó nǹkan mi fún mi."

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ká ní ó gbà fún un ni, ó parí nìyẹn."

Ó tan Makintọ́ọ̀ṣì kan tó rí bí tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ẹ̀rọ náà gbé díìsì mì, ó kùn díẹ̀, Akínkúnmi ní orúkọ àwọn àlọ́ ti yọ. Mo ní kó yáa gbé wọn sínú kọ̀ǹpútà tuntun tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn." Ó fa ẹ̀kẹta jáde lábẹ́ tábìlì, èyí tí kò gbó tó ti àkọ́kọ́, tí kò sì jẹ́ tuntun. "Ògbufọ̀ nìyí. Ó gbọ́ ti bàbá, ó gbọ́ ti ọmọ." Ó fi wáyà so àgbà mọ́ ògbufọ̀, ó fi òmíràn so ògbufọ̀ mọ́ tuntun.

Ọ̀rọ̀ kọjá lóòótọ́, àmọ́ ó fara pa lọ́nà. Akínkúnmi ní gbogbo lẹ́tà tó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ ló ti di àmì àjèjì, nítorí pé inú ẹ̀rọ tó kú ni lẹ́tà Yorùbá tí Tíṣà ń lò wà. Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo rí i: bí ibi tí adìyẹ ti ta ilẹ̀ ló rí. Ó gbìyànjú láti kà á, ó ń méfò.

"Ìjàpá gbé ọkọ̀ lé èjìká, ó di oko àna rẹ̀."

"Ọkọ̀ wo? Èyí tó ń lọ Ìkòròdú?"

"Ó lè jẹ́ ọkọ, Ìyá."

"Ọkọ ta ló gbé lé èjìká? Ọkọ́ ni, ọkọ́ tí a fi ń ro oko."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ mọ èyí?"

"Ó wà nínú mẹ́rin tó kù lórí mi."

"Ẹ pa á, ẹ má fo nǹkan kan. Bí ẹ bá ṣe ń pè é ni n ó fi mọ lẹ́tà tí àmì àjèjì kọ̀ọ̀kan dúró fún."

Mo ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá mi ní ọ̀lẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Akínkúnmi dìde, ó fa aṣọ fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà jókòó.

"Ìyá, ilẹ̀ ti ṣú."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mo pa á. Nígbà tí mo dé ibi orin, mo dúró, nítorí àlọ́ tí kò lélégbè kì í lọ síwájú. Bàbá Àlòkù, tí orí rẹ̀ ti ń funfun, bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin ìjàpá, ìka rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ohùn rẹ̀ ò dáa rárá. Kí n tó parí, ó ti kọ gbogbo àmì náà sórí bébà, ó sì fi lẹ́tà tó yẹ rọ́pò wọn nínú gbogbo àlọ́ yòókù.

Ó ṣí òmíràn, ti ọmọbìnrin tó fẹ́ odò. Mi ò rántí pé ó wà láyé. Ó kà á, ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀, àní bó ṣe máa ń ní "ẹ̀n-ẹ́n" kó tó yí ọ̀rọ̀ padà. Láàárín, Akínkúnmi dúró.

"Tíṣà kọ nǹkan síbí. Ó ní, 'Ìyá ti sùn lọ. Ìyàwó mi ló parí rẹ̀.'"

Ó ń kà á lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni, láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé. Mo fi gèlè bojú. Kò gbójú sókè wò mí, ó ṣáà ń kà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àwọn àlọ́, mo sì dúpẹ́ pé kò wo ojú mi. Nígbà tó kà á tán, mo ní kó tún un kà láti ibi tí ìyá ti sùn.