Ohun Dúdú Tó Wà Létí Òkun

Ní Kemta nílẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí mo dàgbà sí, ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni àpáta wà. Orí rẹ̀ la ti ń sá láfún. Bí òjò bá sọ àdúgbò di odò, orí rẹ̀ náà la máa ń gùn lọ. A ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ jẹ́ olùkọ́, bá ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ wo etíkun kan tí ìjọba ń dáàbò bò nítorí àwọn ìjàpá òkun tó ń yé ẹyin sínú iyanrìn ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó ń mú wa kiri fi ohun dúdú kan hàn wá létí omi, ó ga bí ìpìlẹ̀ ilé. Ó ní ẹrẹ̀ igbó àtijọ́ ló le bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò igi ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sì máa ń wá wò ó. Ó ní ká má gùn ún.

Nígbà tí ìgbì ńlá dé, àwọn yòókù sá sẹ́yìn lórí iyanrìn. Àwa méjì gun ohun dúdú náà. Ọ̀rẹ́ mi tiẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé ọmọ Ẹ̀gbá lẹ̀yin náà? Ẹ rí àpáta, ẹ ń sá."

Omi ti jẹ abẹ́ rẹ̀ tán. Ó ya lulẹ̀ pẹ̀lú wa. Ẹ̀ṣọ́ náà fà mí jáde nínú omi. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí òkú ọ̀rẹ́ mi.

Láti ìgbà náà, bí odò Ògùn bá kún, n kì í gba afárá Láfẹ́nwá kọjá.

Ọmọbìnrin mi kàwé nípa ẹranko. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbà á síṣẹ́ ní etíkun yẹn, láti máa ṣọ́ ẹyin ìjàpá. Ó ní bí mo bá ní kóun má lọ, òun ò ní lọ. Ó gbé àpò sílẹ̀ ní pálọ̀, kò di ẹrù sí i.

Lánàá ni mo bi í bóyá ẹ̀ṣọ́ ọjọ́sí ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ó wà, ẹ̀ṣọ́ náà ló máa kọ́ àwọn níṣẹ́.

"Bó bá ní kó o má gun nǹkan, má gùn ún. Kódà kó jọ Olúmọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kí n máa lọ nìyẹn, Mọ́mì?"

Mo fa àpò náà mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ká aṣọ.