Ìtàkùn Tó Wà Lẹ́yìn Irin Márùn-ún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí yàrá náà ṣe rí, torí ẹni tí kò bá mọ yàrá yẹn kò lè mọ Onílẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ àǹtí rẹ̀ ló wà. Ẹ gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ẹ gba àárín ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọlé bí alákàn, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni, àpò aṣọ àwọn oníbàárà sì tò lérí ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní. Irin márùn-ún dúró lójú rẹ̀ lóòró. Bí ẹ bá na ọwọ́ láàárín irin, ọwọ́ yín á kan ògiri ilé kejì, ara ògiri yẹn sì ni ìtàkùn kan wà. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ó kàn ṣáà yọ láti ibi tí ògiri ti lanu, ó ń gùn ún lọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọbìnrin yìí nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí àbúrò ìyá rẹ̀ lọ mú un wá sílé. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àǹtí pe wẹ́dà pé kó wá fi irin sí fèrèsé. Ojú fèrèsé yẹn ni olè gbà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́ tó ní láyé lọ, kò sì fẹ́ kí wọ́n tún gba ibẹ̀ gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Bó bá ń lọ ra òwú, á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láti ìta.

“Má bínú,” á ní. “Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.”

Ọmọ náà á jókòó sínú, á máa rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Bí bọ́tìnnì bá tán, á fa lẹ́ẹ̀dì yọ nínú irun rẹ̀, á máa ya ewé ìtàkùn yẹn. Torí lẹ́ẹ̀dì inú irun yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Onílẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má rò pé ìkà ni àǹtí o. Òun náà ló mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà aṣọ nígbà tó rí i pé gbogbo bébà tí òun fi ń gé ẹ̀wù ló ti kún fún ewé. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Ìyókù, ti ṣọ́ọ̀bù ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé aṣọ ti ní òdòdó lára látìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹ wá gbọ́. Wọ́n á ya àwòrán kan tí kò fẹ̀ ju ojú fèrèsé lọ. Wọ́n á gbé e lọ sójú férémù igi tí wọ́n na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé. Wọ́n á da àwọ̀ sí i, wọ́n á fi pátákó onírọ́bà fà á wá sísàlẹ̀, ṣùúù, àwọ̀ á bọ́ sára aṣọ tó wà lórí tábìlì. Wọ́n á gbé férémù síwájú, ṣùúù, òmíràn. Àwòrán kan náà lọ́nà ogún, lọ́nà ọgbọ̀n, kí ojú má sì rí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti dúró wò ó rí títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Àwòrán tó jókòó jẹ́jẹ́ lórí tábìlì lè di nǹkan mìíràn bí wọ́n bá fi aṣọ kọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá wọn fi ní òfin kan: kó o tó gbé àwòrán lọ sójú férémù, yà á sí bébà mẹ́fà, lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, rìn sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ méje, kó o wá wò ó. Kò sí ọjọ́ tí kì í sọ ọ́. Bàbá Ẹsẹ̀-Méje ni wọ́n ń pè é bí kò bá sí nítòsí.

Lọ́dún kẹta, ìpàtẹ ọjà ńlá kan ń bọ̀. Bàbá Ẹsẹ̀-Méje ní kí kálukú lọ wá nǹkan kan nínú ohun tí Ọlọ́run dá, kí wọ́n fi ṣe ọ̀pá aṣọ méjìlá. Obìnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ aláṣọ ń bọ̀ wá wò ó, yóò sì mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo: iṣẹ́ ọdún méjì, pẹ̀lú yàrá tirẹ̀ nínú ọgbà ilé iṣẹ́. Ọmọkùnrin kan ti lọ sétí odò lọ́jọ́ kejì, ó kó ìpẹ́ ẹja wá nínú ọ̀rá. Bó ṣe di Ìpẹ́ nìyẹn. Ọmọbìnrin kan mú ìyẹ́ lámilámi wá, ẹlòmíì mú èèpo igi.

Onílẹ́ẹ̀dì lọ bá àǹtí nídìí ẹ̀rọ.

“Àǹtí, wọ́n ní ká lọ wá nǹkan nínú igbó.”

“Igbó wo? Aṣọ ilé ìwé àádọ́rin ló wà nílẹ̀ yìí. Ewé ò sí lójú fèrèsé rẹ ni?”

“Ó wà, mà.”

“Ṣé Ọlọ́run kọ́ ló dá a?”

Onílẹ́ẹ̀dì mi orí pé òun ni. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ aláṣọ àti yàrá inú ọgbà. Àǹtí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Bí wọ́n bá mú ẹ, mi ò ní dì ẹ́ mú,” ó ní. “Máa lọ. Bí wọn ò bá mú ẹ, o jókòó tì mí nìyẹn, a ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ férémù mọ́. Àbí mo purọ́?”

“Ẹ ò purọ́, mà.”

Ó ya ìtàkùn yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín bọ́tìnnì kan sí òmíràn ló ń yà á, ewé kan lónìí, ẹ̀ka kan lọ́la, orí ibùsùn, ojú sí fèrèsé. Mo ti rí àwòrán yẹn. Iṣan ewé wà níbẹ̀, ibi tí kòkòrò ti jẹ wà níbẹ̀, ewé tuntun tó ṣì ká ara rẹ̀ jọ bí ọwọ́ ọmọ tuntun náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ó wá ku ẹsẹ̀ méje. Kò sí àyè láti lọ lẹ bébà mọ́ ògiri ilé ìwé, torí àádọ́rin aṣọ ò tíì parí. Ó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Ó rìn sẹ́yìn: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀yìn rẹ̀ gbá ògiri. Ó rìn padà lọ, mẹ́ta. Ó fi ọ̀kan kún un. Méje pé géérégé. Ó wo àwòrán, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bébà, ó sì dára lójú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ nílé ìwé.

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ ni wọ́n fi aṣọ kọ́ nínú gbọ̀ngàn, láti òkè dé ilẹ̀. Onílẹ́ẹ̀dì wà lórí àkàbà, ó ń so okùn tirẹ̀, nígbà tó gbọ́ ohùn Ìpẹ́ láti ọ̀ọ́kán.

“Ta ló ti ewé mọ́lé?”

“Kí ló jí?” ni ọmọ lámilámi dáhùn.

“Kò jalè. Wọ́n ní ó ń fọwọ́ pa ògiri ológiri.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Onílẹ́ẹ̀dì sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ bá wọn níbi tí wọ́n dúró sí, ó yíjú padà.

Irin fèrèsé rẹ̀ ló rí. Márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún, wọ́n tò gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀, ewé wà lẹ́yìn wọn. Kò ya irin kankan. Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ni pé bí ewé bá ti dé ibi irin, á dáwọ́ dúró, á fo ìwọ̀n ìka méjì, á tún bẹ̀rẹ̀ ní òdì kejì. Ojú ni í rí imú lójoojúmọ́ tí kì í sì kà á sí. Lórí bébà kan, àlàfo lásán ni. Lórí ọ̀pá méjìlá, ẹ̀wọ̀n ni.

Bàbá Ẹsẹ̀-Méje ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ṣé o ka ẹsẹ̀ méje?”

“Mo kà á, sà.”

“Níbo?”

“Yàrá mi, sà.”

“Yàrá rẹ gba ẹsẹ̀ méje?”

“Mo lọ mẹ́ta, mo bọ̀ mẹ́ta, mo fi ọ̀kan lé e.”

Ọkùnrin náà fi ìka kà á. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń kọ́ni, kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. “Méje pé lóòótọ́,” ló rí sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àyè ò sí láti tẹ òmíràn. Onílẹ́ẹ̀dì gun àkàbà padà, ó tú aṣọ sílẹ̀, ó ká a pẹlẹbẹ sórí tábìlì títí ó fi ku ìwọ̀n tó fẹ̀ bí ìwé. Àlàfo kan ṣoṣo ò lè dà bí irin. Báyìí, ewé lásán ló kù, ó sì rẹwà.

Obìnrin oníléeṣẹ́ dé, awò ojú rẹ̀ so rọ̀ mọ́ ọrùn. Ó wo ìpẹ́ ẹja, ó wo lámilámi, ó dé ọ̀dọ̀ Onílẹ́ẹ̀dì, ó gbé awò sójú.

“Ìwọ lo ṣe èyí?”

“Èmi ni, mà.”

Ó fi ìka tẹ̀lé iṣan ewé kan. “Ọwọ́ rẹ dáa gan-an. Tú u kí n rí i.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, bó ṣe wà yìí…”

“Ọmọ mi, a kì í wọ aṣọ ní kíká. Tú u.”

Ó tú u. Wọ́n fi kọ́. Obìnrin náà rìn sẹ́yìn, mi ò mọ̀ bóyá méje ni, ó sì ń wò ó. Ibi tó ti ń wò ó ni àǹtí bá wọn. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí ọjọ́ náà, píìnì ìránṣọ sì ṣì wà láyà ẹ̀wù rẹ̀ bí ìgbà gbogbo. Ó wo aṣọ lẹ́ẹ̀kan.

“Fèrèsé mi nìyí,” ló sọ.

Ó sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ kan àlàfo kan, èkejì, ẹ̀kẹta, ó kà wọ́n dé márùn-ún. Nígbà tó yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Báyìí ló ṣe ń rí láti inú lọ́hùn-ún?”

“Mi ò mọ̀, àǹtí. Mi ò rí irin yẹn mọ́.”

“O ò rí i mọ́.” Àǹtí mí kanlẹ̀. Ó wá kọjú sí obìnrin oníléeṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì yí padà bí ìgbà tó bá ń dá oníbàárà tó ń ná ọjà tí kò mọ̀ lóhùn. “Ẹ dákun, mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé a kì í wọ aṣọ ní kíká. Èmi ń ká a sí wọn lára lójoojúmọ́.”

Ó fa píìnì yọ láyà. Ó gbá àlàfo àkọ́kọ́ mú, ó ká a sẹ́yìn, ó fi ewé ọ̀tún pàdé ewé òsì, ó gún un ní píìnì. Ó ṣe èkejì. Pílíìtì ni. Ká ní ẹ rí i bí ọwọ́ yẹn ṣe ń yára ni, ẹ̀ bá gbàgbé láti mí. Kò pẹ́ tí irin fi tán lójú aṣọ, tí ìtàkùn di odidi. Ó fi í yí ìdí Onílẹ́ẹ̀dì po.

“Rìn.”

Onílẹ́ẹ̀dì rìn. Bó bá gbé ẹsẹ̀, pílíìtì á là, irin á yọjú. Bó bá dúró, irin á wọlé.

Obìnrin oníléeṣẹ́ bọ́ awò ojú. “Mo fẹ́ ogójì síkẹ́ẹ̀tì irú èyí,” ló sọ fún àǹtí. “Kí ọmọ yìí tẹ aṣọ, kí ẹ̀yin rán an, pílíìtì kan ò gbọdọ̀ fi ìka kan yẹ̀.”

“Àyè inú ilé iṣẹ́ yín ńkọ́, mà?” ni Onílẹ́ẹ̀dì béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.

“Ọmọ tó ya ìpẹ́ ẹja ni mo mú.” Kò fi ìkanra sọ ọ́. “Ẹni tó máa bá mi ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wo iṣẹ́ rẹ̀ láti òkèèrè kó tó gbé e wá. Àti pé ìwọ ti níbi tó dáa tó o ti lè ṣe é. Wo irú àǹtí tó o ní.”

Àǹtí fa Onílẹ́ẹ̀dì mọ́ra, píìnì àyà rẹ̀ gún ọmọ náà létí. “Ṣó o rí i? Mo ní kó o jókòó tì mí, ṣùgbọ́n mo ti kó ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa férémù jẹ. Ilé la máa gbé férémù wá.” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sọ ọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ rí. Onílẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín. Ẹnu lásán ni ẹ̀rín náà mọ sí.

Lọ́jọ́ kejì, férémù ti wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n gbé ibùsùn ti ògiri kí àyè lè gbà á, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sì di méjì. Onílẹ́ẹ̀dì mú àwòrán tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó yọ kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri tó kọjú sí ilẹ̀kùn, ó lẹ bébà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀. Ó ń rìn sẹ́yìn. Ọ̀kan, èjì. Ó yẹra fún tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó gba àárín ẹ̀rọ méjèèjì. Àrún, ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀fà, orí àtẹ̀gùn. Èje, ojú títì.

“Níbo lò ń lọ?” ni àǹtí béèrè, kò gbójú kúrò lórí pílíìtì.

“Mi ò lọ síbì kankan, àǹtí. Mò ń ka ẹsẹ̀ ni.”

“Ó ti pé?”

“Ó ti pé.”

Oòrùn wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó rí bébà rẹ̀ dáadáa, ó rí ibi tí ewé ti fò, ó sì mọ ohun tó máa tún ṣe. Alùpùpù kan kọjá lẹ́yìn rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a.

“Ó dáa,” ni àǹtí wí. “Kà á padà wọlé.”

Ó dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀kan, èjì.