Ògiri Tí Mo Jẹ Nínú Oyún Ràmọ́tà

Òjò àkọ́rọ̀ ló rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti dá nígbà tí mo jáde, oòrùn ò tíì yọ, òórùn ilẹ̀ tútù sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní ìlú Ọ̀jọ́ l'Ékòó. Oyún oṣù mẹ́ta wà nínú mi. Ṣàdédé ni ẹnu mi kún fún itọ́. Mo fi èékánná ha ògiri alámọ̀ ilé ìdáná wa, mo jù ú sẹ́nu. Ó dùn.

Mi ò mọ̀ pé àìsàn ni. Ìyá ọkọ mi rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Máa jẹ ẹ́, ìyàwó. Amọ̀ ló ń dá itọ́ aboyún dúró." Amọ̀ ò léèwọ̀. Ìgbín ló léèwọ̀, kí ọmọ má baà máa da itọ́. Ẹyin náà léèwọ̀, kó má baà di olè. Ọkọ mi ń já sìmẹ́ńtì nínú ọkọ̀ ojú omi ní wọ́ọ̀fù Àpápá, iṣẹ́ pọ̀ nígbà yẹn, ọtí dúdú ló sì máa ń gbé wá fún mi, pé á di ẹ̀jẹ̀ lára. Mò ń mu ún, mo sì ń jẹ ògiri lọ.

Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, ihò ara ògiri náà ti tó àwo ọbẹ̀. Bí mo bá gbé garawa omi kan, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, ojú mi á ṣókùnkùn. Oṣù karùn-ún yìí gan-an ni oyún tó ṣáájú bàjẹ́ lára mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo gba ilé ìwòsàn lọ.

A pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Mo sùn lé èjìká obìnrin Ègùn kan tí mi ò mọ̀ rí, kò sì tì mí kúrò. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì fa abẹ́ ojú mi wálẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi, gbogbo rẹ̀ funfun.

"Màdáámù, kí lẹ̀ ń jẹ?"

"Ògiri."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe mí: ẹ̀jẹ̀ ara mi ò tó fún èmi nìkan, kí a má tíì sọ ti ọmọ. Ó ní àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ló ń jẹ́ kí amọ̀ máa wu èèyàn, amọ̀ náà á sì di oògùn ẹ̀jẹ̀ tí òun fẹ́ fún mi mú nínú ìfun, kò ní jẹ́ kó wọ ara. Ọtí dúdú kì í di ẹ̀jẹ̀, ọmọ inú ló ń bà jẹ́. Kí n máa jẹ ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, àti ìgbín tó bá jinná dáadáa.

Mo ra ìgbín mẹ́fà ní Ìyànà Ìbà. Ó pọ̀ níbẹ̀, torí katakata ń wó igi, ó ń la igbó fún títì Àgbádárìgì, ìgbín sì ń jáde. Ìyá ọkọ mi bá mi nídìí ààrò.

"Ta ló fẹ́ jẹ ìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

"Kí ọmọ ọmọ mi lè máa da itọ́ káàkiri àdúgbò?"

"Ẹ jẹ́ kó máa dà á. Èmi ni màá máa nù ún. Èyí tó kú sínú mi lọ́dún tó kọjá, kò da itọ́ kankan."

Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Mo jókòó síta lórí àpótí, mo jẹ ìgbín mi níbi tí gbogbo ojúlé ti lè rí mi. Ọkọ mi gbé ọtí dé, mo dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níṣojú òun àti ìyá rẹ̀.

"Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wá lóyún ni?" ni ọkọ mi bi mí.

Mo ní tó bá mu ún tán, a máa rí i.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ń ṣe: kò rọrùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ sọ ìgbẹ́ mi di dúdú, èébì sì ń gbé mi. Bí òjò bá ti rọ̀, ọkàn mi á lọ sára ògiri yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún ha á. Mo jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì, kò bú mi. Ó ní kí n máa bó ọsàn jẹ nígbà tí amọ̀ bá ti ń wù mí.

Lóṣù kẹjọ, ó tún fa abẹ́ ojú mi wálẹ̀, ó ní ó ti pọ́n. Wẹ́rẹ́ ni mo bí Ràmọ́tà lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ó da itọ́ nígbà tó ń hu eyín, bí Sìkírù àkọ́bí mi ṣe dà á, tí mi ò sì jẹ ìgbín kankan nínú oyún tiẹ̀. Ràmọ́tà ti bí ọmọ mẹ́ta báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àti lọ́wọ́ obìnrin Ègùn tó gbà mí sí èjìká. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tọrọ, ilẹ̀ ni mò ń bù fún un, síbẹ̀ kò dákẹ́ títí mo fi gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì tí nọ́ọ̀sì sọ pé ó ti pọ́n, mo po sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù nínú àpò tí ọkọ mi gbé wálé láti wọ́ọ̀fù, mo kúnlẹ̀ tikùn-tikùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò náà. Ìyá ọkọ mi ní aboyún kì í rẹ́ ògiri. Mo ní kí wọ́n bá mi bu omi sí i. Wọ́n gbé garawa, wọ́n sì lọ bu omi wá.