Ìbéèrè Ìyá Àgbà Nípa Iná Ọ̀run

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlobù, ẹgba tíṣà ló ń bà wá lẹ́rù ju ọ̀run àpáàdì lọ. Bàbá mi gan-an ni tíṣà náà, òun ló sì ń kọ́ wa ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, tíṣà bíi tirẹ̀, tó jẹ́ àgbà ìjọ ní Ìfọ́n. Kẹ̀kẹ́ lọ̀rẹ́ yìí máa ń gùn wá sílé wa, abọ́ kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun.

Àbúrò bàbá mi kan wà nígbà náà tó fẹ́ràn ẹmu, tí kì í yà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, bí àìsàn bá dá ẹnikẹ́ni dúró ládùúgbò, òun ló máa ń bá a ro oko rẹ̀. Nígbà tó kú, ọ̀rẹ́ bàbá mi ló wàásù létí sàréè. Ó ní ẹni tó bá kú sínú ẹ̀ṣẹ̀, inú iná ni yóò máa wà.

Ìyá àgbà, tó bí bàbá mi àti olóògbé, bi í pé, "Ìgbà wo ni yóò parí?"

Ó ní, "Kò ní parí, Màmá."

Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà ò lè dúró ti ààrò mọ́. Bí igi bá ti ń jó báyìí, á dìde, á bọ́ síta. Èmi àti ìyá mi là ń se gbogbo oúnjẹ.

Bàbá mi wá inú Bíbélì títí, ó wá jókòó ti ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìyàngbò tí wọ́n bá dà síná, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í pẹ́ di eérú. Ikú ni èrè ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe oró tí kò lópin. Ẹni tó bá jóná, ó jóná tán nìyẹn."

Ìyá àgbà wò ó. "Ṣé n kò ní rí i mọ́ láéláé nìyẹn?"

Bàbá mi pa Bíbélì rẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìfọ́n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wá. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ kan náà, 'àìnípẹ̀kun', ni Bíbélì lò fún ìyè àti fún ìyà. Bí o bá gé ìyà kúrú, o ti gé ìyè náà kúrú." Bàbá mi ní ìyà tí kò ṣeé yí padà ni wọ́n ń wí, kì í ṣe èyí tí kò dáwọ́ dúró. Wọ́n jiyàn títí oúnjẹ fi tutù. Kò pẹ́ sígbà náà làwọn àgbà ìjọ wa ní kí bàbá mi yéé kọ́ni, àfi tó bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Kò yí i padà. Ìjókòó ẹ̀yìn ló ń jókòó sí títí tó fi kú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò tìtorí ìyẹn yéé wá. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà pè é jókòó.

"O mọ ọmọ mi tó kú. Òun ló bá ọ kan òrùlé nígbà tí ìjì ṣí i. Bí wọ́n bá ní kí o dájọ́ fún un, ìgbà wo lo máa tó yọ ọ́ nínú iná?"

Ó ní, "Màmá, n kò ní lè fi í síbẹ̀ mọ́jú."

"Ṣé o wá ṣàánú ju Ọlọ́run lọ ni?"

"Rárá o, Màmá. N kò mọ̀."

Ìyá àgbà ní ó dáa, ó kí i pé ó ṣeun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fúnra rẹ̀ ló kó igi sí ààrò, ó sì sun iṣu fún wa. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ò yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kó wàásù iná níbi ìsìnkú kankan mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, orí fóònù lẹ ti ń jiyàn yìí báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ka díẹ̀ fún mi níbi táwọn ọmọ ìjọ ti ń fèsì fún ara wọn: ẹsẹ Bíbélì, èébú, ẹ̀rín. Wọ́n mọ Bíbélì jù wá lọ dáadáa. Mo bi í pé ta ló kú.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. A kàn ń jiyàn ni."